Ìwọ Lo Ṣe Géèmù, Ta Ló Ni Orúkọ Rẹ̀?

"Gbé e jáde ná. Tó bá gbayì tán, a ó wá nǹkan ṣe sí ti orúkọ." Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe géèmù kọ̀ǹpútà nínú yàrá wọn nìyẹn. Àwọn tó ń sọ ọ́ kì í ṣe ọ̀tá. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, ọ̀gá ni wọ́n, àwọn mìíràn tiẹ̀ ń ṣe adájọ́ níbi ìdíje tí wọ́n ti ń fún ọmọ ní ẹ̀bùn láàpútọ́ọ̀pù. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn burúkú ni, mo sì fẹ́ bá a jà lónìí.

Ṣebí àwa náà la ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ kò tíì lè dá jókòó, síbẹ̀ a ti pe ẹbí jọ, a ti gbé oyin àti ataare sílẹ̀, a ti sọ ọ́ lórúkọ kí ayé tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Géèmù tí ẹnì kan fi oṣù mẹ́jọ ṣe, tó fi iná jẹnẹrétọ̀ àti dátà tó ń rà ní kékeré kékeré ṣe, òun wá la ó jù sórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ọmọ tí kò ní ẹbí?

Ohun tí mo ń sọ kò díjú. Orúkọ géèmù rẹ, ohun ìní ni. Ó lè níye lórí ju kóòdù inú rẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí o bá gbé e jáde sì ni ọjọ́ tí ẹlòmíì máa kọ́kọ́ láǹfààní láti gbé e mọ́ ọ lọ́wọ́. Nítorí náà, di orúkọ náà mú kí ọjọ́ yẹn tó pé.

Ẹni tó bá rò pé mo ń fi orúkọ ṣe àṣejù, ẹ jẹ́ ká wo Wordle. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Josh Wardle, tó ń gbé ní Brooklyn ní New York, gbé géèmù ọ̀rọ̀ kékeré kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ ìdílé tirẹ̀ ló fi dárà, ló bá pè é ní Wordle. Kò sí ìpolówó níbẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá, èèyàn 90 péré ló gbá a. Nígbà tí ọdún 2022 fi wọlé, wọ́n ti lé ní 300,000 lójúmọ́. Kí ló tẹ̀lé e? Àwọn kan sáré ṣe ápù, wọ́n lẹ orúkọ Wordle mọ́ ọn, wọ́n gbé e sórí App Store ti Apple, èèyàn sì ń gbà á sórí fóònù wọn. Ìgbà tí ariwo ta ni Apple tó yọ wọ́n kúrò. Kí oṣù Kìíní ọdún náà tó parí, ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn New York Times kéde pé àwọn ti ra Wordle ní mílíọ̀nù dọ́là mélòó kan.

Ẹ wá rò ó wò. Kí ni wọ́n rà gan-an? Kì í ṣe kóòdù. Ọmọ tó mọ kóòdù kíkọ níwọ̀nba lè fi ọjọ́ kan kọ géèmù tí a ti ń méfò ọ̀rọ̀ onílẹ́tà márùn-ún lẹ́ẹ̀mẹfà. Kì í ṣe èrò inú rẹ̀ náà, torí irú eré bẹ́ẹ̀ ti wà lórí tẹlifíṣọ̀n kí wọ́n tó bí púpọ̀ nínú yín. Ohun tí wọ́n fowó rà ni orúkọ tó ti wà lẹ́nu gbogbo ayé, àti àwọn èèyàn tó ń tẹ̀lé orúkọ náà wá láràárọ̀.

Ìyẹn ni ti ẹni tí orúkọ rẹ̀ pa owó fún. Ti ẹni tí orúkọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́?

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013, Dong Nguyen, ọ̀dọ́kùnrin kan ní Hanoi ní orílẹ̀-èdè Vietnam, gbé Flappy Bird jáde. Ẹyẹ kan, páìpù aláwọ̀ ewé, ìka kan lórí fóònù, ó tán. Fún oṣù mélòó kan, kò sẹ́ni tó kà á sí. Nígbà tó fi máa di oṣù Kìíní ọdún 2014, ó ti gba ipò kìíní lórí App Store, òun fúnra rẹ̀ sì sọ fún oníròyìn pé ìpolówó inú rẹ̀ ń mú nǹkan bí 50,000 dọ́là wọlé lójúmọ́. Oṣù kan lẹ́yìn náà, ó ní géèmù náà ti da ìgbé ayé òun rú, ó sì yọ ọ́ kúrò. Ó wù ú bẹ́ẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n orúkọ kì í bá ọjà kú. Ohun tí àwọn lọ́yà ń pè ní trademark, tí a lè pè ní àmì òwò, lílò ló ń gbé e ró. Ní Amẹ́ríkà, bí ọdún mẹ́ta bá kọjá léraléra tí o kò lo àmì òwò rẹ, òfin á gbà pé o ti pa á tì, àfi tí o bá mú ẹ̀rí mìíràn wá. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Gametech Holdings tọ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ àmì òwò sílẹ̀ níbẹ̀ lọ, wọ́n ní Nguyen ti pa orúkọ náà tì. Nguyen ò fèsì. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ẹ̀tọ́ lórí orúkọ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, àwọn kan tó pe ara wọn ní Flappy Bird Foundation kéde tayọ̀tayọ̀ pé Flappy Bird ń padà bọ̀. Àfi kí Nguyen jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tó ti dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó sọ pé òun kò mọ nǹkan kan nípa géèmù wọn, òun kò sì ta nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Lójú òfin, kò sí olè nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù nìyẹn. Wọn ò já ilẹ̀kùn, wọn ò gé kọ́kọ́rọ́. Wọ́n kan béèrè pé, "Ta ló ni èyí?" Ẹni tó ni ín ò dáhùn.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ Vietnam àti Amẹ́ríkà nìyẹn. Nílé níbí, irọ́ mẹ́ta la fi ń tan ara wa jẹ.

Irọ́ àkọ́kọ́ ni, "Mo ti gba CAC." Ó dáa, ẹ kú oríire. CAC forúkọ ilé iṣẹ́ rẹ sílẹ̀. O lè fi ṣí àkáǹtì ní báńkì, o lè fi tẹ ìwé ẹ̀rí owó. Kò sọ pé ìwọ nìkan lo lè fi orúkọ yẹn gbé géèmù jáde. Orúkọ ilé iṣẹ́ yàtọ̀ sí orúkọ ọjà. Ibi tí wọ́n ti ń forúkọ àmì òwò sílẹ̀ wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí okòwò, ní Abuja, òfin tó ń darí rẹ̀ sì ti wà láti ọdún 1965. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ìwé CAC lọ́wọ́ ni kò tíì gbọ́ pé ibẹ̀ wà.

Irọ́ kejì ni, "Copyright ló ń dáàbò bò mí." Ìdajì òótọ́ ni. Òfin copyright ti ọdún 2022 ń dáàbò bo kóòdù rẹ, àwòrán rẹ àti orin rẹ láti ìgbà tí o ti ṣe wọ́n, kódà bí o kò forúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Àmọ́ copyright kì í ṣọ́ orúkọ. Ká ní ẹnì kan kọ kóòdù tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tó ya àwòrán tirẹ̀, tó wá fi orúkọ géèmù rẹ pè é. Copyright á wò ó níran ni.

Irọ́ kẹta ló burú jù: "Orúkọ mi ti wà lórí Play Store, kò sẹ́ni tó lè gbé e mọ́." Ta ló sọ fún ọ? Ápù méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà lórí Play Store. Ohun tí kò gbọdọ̀ jọra ni orúkọ abẹ́lẹ̀, ìyẹn package name, tí àwọn tó ń gbá géèmù kì í sábà rí. Apple kì í gba orúkọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń gbé e fún, kì í béèrè ẹni tó bí i. Bí o bá sì fẹ́ fẹjọ́ sùn wọ́n pé ẹnì kan ti lo orúkọ rẹ, wàá rí i pé fọ́ọ̀mù wọn ń béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ àmì òwò rẹ. Kí lo máa kọ síbẹ̀? Òógùn ojú?

Òfin Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ò fọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Bí o kò bá forúkọ àmì òwò rẹ sílẹ̀, o ò lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ pé ó tẹ àmì òwò rẹ lójú. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni kó o pe ẹjọ́ pé onítọ̀hún ń ta ọjà tirẹ̀ bí ẹni pé tìrẹ ni. Ìwọ lo máa kó ẹ̀rí wá pé àwọn èèyàn ti mọ orúkọ náà mọ́ ọ. Géèmù tí èèyàn igba gbá, ẹlẹ́rìí mélòó lo máa rí kó lọ sílé ẹjọ́?

Tí o bá sì forúkọ sílẹ̀, báyìí ló ṣe ń lọ. Lọ́yà tàbí aṣojú tí wọ́n fún láṣẹ ló máa bá ọ fi ìwé náà sílẹ̀. Kíláàsì 9 ni géèmù orí kọ̀ǹpútà àti fóònù máa ń bọ́ sí. Kíláàsì kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé tirẹ̀. Bí wọ́n bá gbà á, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé àtẹ̀jáde ti àmì òwò, kí ẹni tó bá lòdì sí i lè sọ̀rọ̀ láàárín oṣù méjì. Bí kò bá sí ìjà, ó di tìrẹ fún ọdún 7, lẹ́yìn náà o lè máa tún un gbà ní ọdún 14, 14. Ṣùgbọ́n níbí náà, bí ọdún márùn-ún bá kọjá tí o kò lò ó, ẹlòmíì lè ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹyẹ Hanoi lè ṣẹlẹ̀ ní Abuja.

"Owó dà?" Mo ti ń gbọ́ ọ. Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì ní fi yín ṣẹ̀sín. Lọ́yà ń gbowó, ìjọba ń gbowó, ìwé tí o gbà ní Nàìjíríà ò sì ní ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kó o forúkọ sílẹ̀ ní gbogbo ayé. Ẹ jẹ́ ká wo iye tó ń wọlé sọ́wọ́ àwọn olọ́jà tí ẹ ń gbé géèmù fún. Google ń gba 25 dọ́là lẹ́ẹ̀kan. Apple ń gba 99 dọ́là lọ́dọọdún. Steam ń gba 100 dọ́là lórí géèmù kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ ń san án láìjanpata, torí wọ́n ní ẹ san án. Ìgbà tó wá kan orúkọ yín, ẹ ní owó ti tán.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni tí kò lówó, kó bẹ̀rẹ̀ láti itch.io, níbi tí gbígbé géèmù síta ti jẹ́ ọ̀fẹ́, tí ìwọ fúnra rẹ sì ń pinnu iye tí wọ́n máa yọ lára owó tó bá wọlé. Àmọ́ kí o tó débẹ̀, wádìí. Wíwádìí ò gba kọ́bọ̀. Wo orúkọ náà lórí Play Store, App Store, Steam àti itch.io. Wo Global Brand Database tí WIPO gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn àmì òwò láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Kọ orúkọ náà bákan náà níbi gbogbo, kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ kan níbí, ọ̀rọ̀ méjì lọ́hùn-ún. Tọ́jú gbogbo ohun tó ní déètì: àwòrán àkọ́kọ́, ìfilọ̀ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ẹni àkọ́kọ́ tó gbá a. Òfin tí mo fẹ́ kí ẹ há sórí rèé: kí o tó gbé e sórí itch.io, wádìí, kí o tó gbé e sórí Play Store, fi ìwé sílẹ̀.

Tí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta tí ẹ jọ ṣe é ńkọ́? Ẹni tó kọ kóòdù, ẹni tó yàwòrán, ẹni tó ṣe orin. Orúkọ ta ló máa wà nínú fọ́ọ̀mù? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí tí ẹ ṣì ń jẹ búrẹ́dì pọ̀. Ọjọ́ tí owó bá dé, ojú ò ní rí bákan náà mọ́.

Àwọn kan á ní, "Èmi ò tiẹ̀ fẹ́ ta tèmi. Ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ayé." Ọlá yín ni. Ní oṣù Kẹta ọdún 2014, ọmọ Ítálì kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 19, Gabriele Cirulli, gbé 2048 jáde, ó sì fi kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Láìpẹ́, àwọn ẹlòmíì ti gbé 2048 tiwọn sórí App Store, wọ́n ń fi ìpolówó pawó lórí rẹ̀. Àwọn tó kọ́gbọ́n mọ̀ pé o lè fi kóòdù tọrẹ kó o sì di orúkọ mú. Mozilla fi kóòdù Firefox sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn Debian tún un ṣe bó ṣe wù wọ́n, Mozilla ní kí wọ́n má pè é ní Firefox mọ́. Wọ́n pè é ní Iceweasel láti 2006 títí di 2016. Kò sẹ́ni tó pe Mozilla ní ahun.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró. Kí ẹ má bàa rò pé ẹni tó ń gba orúkọ ni mò ń gbè lẹ́yìn níbi gbogbo, àwọn ọ̀kánjúwà wà. King, tó ni Candy Crush Saga, fẹ́ gba "candy", ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe súìtì lásán, ṣe àmì òwò ní Amẹ́ríkà. Wọ́n tún dìde sí The Banner Saga, géèmù àwọn èèyàn díẹ̀ kan tí ilé iṣẹ́ wọn ń jẹ́ Stoic, nítorí "saga" tí kò ju ìtàn gígùn lọ. Ariwo ta. Ní oṣù Kejì ọdún 2014 wọ́n fa ìwé "candy" ti Amẹ́ríkà padà, ní oṣù Kẹrin wọ́n bá Stoic parí ìjà. Ní oṣù Kẹrin yẹn kan náà ni wọ́n bá Albert Ransom náà parí tiwọn. Òun nìkan ló ṣe CandySwipe ní 2010, ó sì ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Mo gbà pé ìwé yẹn ló sọ ọ́ di ẹni tí ilé iṣẹ́ ńlá gbọ́dọ̀ bá jókòó.

Tim Langdell ní tirẹ̀ sọ pé òun ló ni "edge". Ní 2009, Mobigame, ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Paris, rí i tí géèmù wọn tó ń jẹ́ Edge kúrò lórí App Store nítorí ẹjọ́ tó fi wọ́n sùn. Ó gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ bá EA nítorí Mirror's Edge. Ibẹ̀ ni erin ti fẹsẹ̀ lélẹ̀: ní 2010, adájọ́ kan ní California kọ̀ láti gbè é, ó ní ẹ̀rí tó kó wá mú ìfura dání. Ní 2013 wọ́n fagi lé àwọn ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí àwa náà fi kọ́gbọ́n. Tí géèmù rẹ bá jẹ́ ayò ọlọ́pọ́n, tí o sì pè é ní Ayò, bí ìgbà tí ìyá aláàárì bá ní òun nìkan ló ni ọ̀rọ̀ "gààrí" ni. Òfin kì í fẹ́ gba ọ̀rọ̀ tó kàn ń sọ irú ọjà tó jẹ́. Ká tiẹ̀ ní ó gbà á, kò yẹ kó o fẹ́ ẹ. Ìjàpá kì í ṣe ti ẹnì kankan, àlọ́ kì í ṣe ti ẹnì kankan. Bí àjèjì kan bá dìde lọ́la pé òun ti forúkọ Ìjàpá sílẹ̀, gbogbo wa la máa pariwo. Kí ariwo yẹn lè mọ́, kí àwa náà má ṣe é.

Dá orúkọ tìrẹ sílẹ̀. Èdè wa kún fún un. Ká ní géèmù rẹ dá lórí kọ̀ńdọ́ danfo tí gbogbo èèyàn ń béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀. Má pè é ní Danfo. Pè é ní Ṣéńjìdà. Ẹ rí i? Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè kankan, gbogbo ọmọ Èkó sì mọ ohun tó ń sọ.

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tó kan àwa Yorùbá gan-an: orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń bọ́ àmì lórí ọ̀rọ̀ wa. Bí o bá pe géèmù rẹ ní Ọkọ̀, àwọn èèyàn á tẹ "oko". Oko àgbẹ̀, ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, gbogbo wọn á jọ tò lórí ìlà kan. Senjida ò ní irú ìṣòro yẹn. Yan orúkọ tí yóò ṣì jẹ́ tìrẹ bí wọ́n bá bọ́ àmì orí rẹ̀ sílẹ̀, kó o sì fi àmì rẹ̀ sí i lára géèmù fúnra rẹ̀, kí ọmọ tó ń gbá a lè mọ bí wọ́n ṣe ń pè é.

Ẹ̀yin tó ń ṣètò ìdíje, tí ẹ ń ní kí àwọn ọmọ "gbé e jáde" láàárín wákàtí méjìdínláàádọ́ta, ẹ fi ìbéèrè kan kún un kí ẹ tó gbé ẹ̀bùn sílẹ̀: ṣé o ti wádìí orúkọ yìí? Ẹ̀yin lọ́yà tó ń kọ Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣàlàyé fọ́ọ̀mù yẹn lédè tí ìyá wa fi ń sọ̀rọ̀, kó má jẹ́ àwọn tó ti lówó nìkan ló máa mọ̀ ọ́n. Ìwọ tí o wá jókòó ti kọ̀ǹpútà báyìí, tí géèmù rẹ kù díẹ̀ kó parí, pa kóòdù tì fún wákàtí kan lálẹ́ òní. Kọ orúkọ mẹ́ta sílẹ̀. Wádìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tí kò bá ní olówó, sọ ọmọ rẹ lórúkọ náà, kó o sì wá ìwé sí i.